Di Etí Ọ̀hún Mú

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ara tiwa le níbí, àfi orúnkún mi tó máa ń ráhùn bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ilé ìtura tí mo ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Mo gbọ́ pé ìwọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tísà Gẹ̀ẹ́sì lóṣù tó ń bọ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún ọ.

Obìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí. Ẹlẹ́rìn-ín la ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Òun àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kékeré ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn àlejò. Àmọ́ bí mo bá ní kó dìde kó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ẹ̀rín á pòórá, ẹnu á wọhò. Bí Kékeré bá ta á lólobó, màá gbá rúlà mọ́ tábìlì pé ìrẹ́jẹ ni. O ṣáà mọ̀ mí. Nígbà tó yá mo ya wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Ọ̀gá ilé ìtura wá kéde pé òun máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá lè sọ Gẹ̀ẹ́sì yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ẹlẹ́rìn-ín ti lò níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Tísà, ó ti parí fún mi nìyẹn."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo tètè dé, mo sì gba iwájú yàrá kan kọjá. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlẹ́rìn-ín àti Kékeré ni, wọ́n di aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú ní etí méjèèjì, wọ́n ń pàṣẹ fún ara wọn: fà á síbí, ká a sábẹ́, ìrọ̀rí dà? Bí ọ̀kan bá ṣì í sọ, èkejì á tún un ṣe, ọwọ́ wọn ò sì dúró. Ohun tí mo ń pè ní ìrẹ́jẹ ni wọ́n fi ń kọ́ ara wọn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ojú tì mí, mi ò purọ́. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá àlejò la ti ń ṣe kíláàsì, ní méjì-méjì, mo sì fi rúlà sílé.

Mo bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kí wọ́n ṣe ìdánwò náà ní méjì-méjì. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ṣáà gbà kí wọ́n ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ pé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá bi Ẹlẹ́rìn-ín bó ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹlẹ́rìn-ín wo ibi tí Kékeré máa ń dúró sí, ọ̀gá ló bá níbẹ̀. Ló bá na etí aṣọ sí i, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ di etí ọ̀hún mú." Ọ̀gá dì í mú. Ẹlẹ́rìn-ín ní kó fà á, ó fà á. Ó ní kò dọ́gba, ọ̀gá tún un fà. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ tán, ọ̀gá ń nu òógùn, Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní kíláàsì rẹ, kọ́kọ́ súnmọ́ wọn kí o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọlọ́run á fi ẹni rere sí ẹ̀gbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ tuntun náà. Wàá ṣe é, á yẹ ọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
Tísà Onírúlà tẹ́lẹ̀.

Mo tún rántí: Kékeré ò wá sí iṣẹ́ lánàá, Ẹlẹ́rìn-ín sì pè mí pé kí n wá bá òun tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ tèmi wọ́. Mo tún un fà.