Bàbá Elifélétì Wádílì, Ẹni Tó Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Gé Igi Ààlà

Lọ́dún 1688 ni a bí bàbá wa, Elifélétì Wádílì, ní abúlé Síkọ́tínì, létí odò Kọnẹ́tíkọ́tì. Ọmọ Gídíónì Wádílì tó rékọjá òkun wá ni wọ́n. Ìgbà yìnyín méjì péré ni wọ́n fi kàwé, Bíbélì sì ni ìwé náà.

Lọ́dún 1711, wọ́n fi èmi Mẹhitábẹ́lì ṣaya, ìlú sì pín ọgọ́rin éékà ilẹ̀ fún wọn. Àwọn ẹlòmíràn ti gbin àgbàdo níbẹ̀ ká tó dé. Títí dòní, bí a bá ń túlẹ̀, a ń hú òkúta ẹnu ọfà wọn jáde.

Bàbá gé igi óákù kan ṣe àtẹ́rígbà ilé wa. Kùkùté ti jóná tán kí wọ́n tó bó èèpo igi náà, tí wọ́n rí àmì àáké lára rẹ̀. Igi ààlà àwa àti Kálébù Tọ́mínì ni. Ìsun omi wa kan ṣoṣo sì wà nítòsí ibẹ̀.

Lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn onílẹ̀ máa ń rìn yí ààlà ká, tí kálukú á ju òkúta kan sídìí igi. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, kò sẹ́ni tó rántí ibi tí igi náà wà mọ́. Mo fa aṣọ bàbá, mo fi orúkọ àkọ́bí wa pè wọ́n.

“Baba Hesekáyà, ẹ rántí ìsun o.”

“Mo rántí ẹ̀. Mo rántí igi náà pẹ̀lú.”

Bàbá kọjá ìsun bọ̀ sápá ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ju òkúta tiwọn sílẹ̀. Omi di ti Kálébù.

Kálébù wò wọ́n títí, ó bú sẹ́rìn-ín. “Elifélétì, o gégi tán, o tún gé omi ara ẹ. Máa pọn ọ́n lọ, jàre. Ṣùgbọ́n bí màlúù ẹ bá dà á rú, ìyàwó ẹ ló máa fọṣọ ilé mi.”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ̀ ọ́.

Látìgbà náà, bí ìjà ilẹ̀ bá dé, bàbá ni ìlú ń ránṣẹ́ pè. Wọ́n ṣe díákónì fún ọdún mọ́kànlélógún.

Wọ́n jẹ ẹ̀kọ àgbàdo wọn tán láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 1761, wọ́n sì sinmi. Wọ́n fi opó, ọmọ márùn-ún àti ọmọ-ọmọ mẹ́tàlélógún sílẹ̀.

Ilẹ̀ ṣì dì fún òtútù nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ sàréè. Ọmọ Kálébù ló pọn omi ìsun náà wá fún àwọn tó ń gbẹ́ ẹ. Ẹnì kankan kò rán an.

Ẹ sùn re, Baba Hesekáyà. Ọ̀nà omi kò hu koríko rí.