Jẹ̀díjẹ̀dí Tó Pa Bàbá Wa

Olóòtú wa, okun o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé n kò kọ orúkọ mi. Apá Kàbà ni mo ti ń kọ̀wé.

Nílé wa, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó máa mu àgbo. Àgbo yẹn ni bàbá wa ń mu títí tó fi kú.

Ó wá kan ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Dókítà ní Ìlọrin bi í bóyá jẹjẹrẹ ti pa ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa rí. Ó ní rárá, jẹ̀díjẹ̀dí ló pa bàbá wa.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, dókítà pè mí. Ó ní kókó kéékèèké ló hù sínú ìfun ẹ̀gbọ́n mi, tí ọ̀kan fi di jẹjẹrẹ. Irú rẹ̀ máa ń ti ara bàbá dé ara ọmọ. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n á gé e kó tó bàjẹ́. A ti sin ẹ̀gbọ́n mi.

Àwọn àna ń bọ̀ wá tọrọ àbúrò wa obìnrin, wọ́n sì ń wádìí àìsàn ilé wa. Ìyá wa mú mi búra pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ti ẹnu mi jáde. Láná, mo bá ìkòkò àgbo yẹn lórí ààrò. Mo bi ìyá wa pé ta ló ni ín. Ó fi ọmọrí dé e.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé mo ti dalẹ̀ ìyá mi? Olóòtú, ẹ rọra kà á. Àbúrò mi kì í pàdánù ètò yín.