Awọ Ìrù Bífà Lára Ọrun Tijésùnimí

                                        24, Hollow Oak Lane,
                                        Clinton, Maryland,
                                        Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Olútáyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Falilat ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé orúnkún rẹ ti ń gbọ́ oògùn, pé o tiẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ sílé ìwé tí o ti ń kọ́ni. Ọlọ́run á fi àlàáfíà kún un. Òjò Ìbàdàn ńkọ́? Tiwa níbí, oòrùn ló ń fi ojú wa rí màbo. Èmi, Níkẹ́ àti Tijésùnimí wà, a ń ṣiṣẹ́, a ń san owó ilé, a dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé wàá máa wò ó pé kí ló gbé mi dé ìdí bébà àti bírò nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Màmá mi ló ń padà bọ̀ wálé ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Yàtọ̀ síyẹn, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu lórí fóònù, wàá gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nínú lẹ́tà, o ò lè dá mi dúró.

Ṣé o rántí àpótí ìjókòó tí mo kàn nílé ìwé, èyí tí olùkọ́ wa jókòó lé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ? O ń pè mí ní Káfíńtà títí a fi jáde ìwé mẹ́wàá. Ó dáa. Káfíńtà ti gbẹ́ ọrun báyìí, ọrun gidi tí wọ́n fi ń ta ọfà, ó sì ga tó ọmọ tó ń lò ó.

Tijésùnimí ọmọbìnrin wa ló kó mi sí i. Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti ń bá ẹgbẹ́ àwọn tafàtafà lọ sí pápá kan lẹ́bàá Upper Marlboro. Ọrun àtijọ́ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, igi àti okùn lásán, kò sí irin, kò sí awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán. Ọmọ náà mọ ọfà í ta. Ohun kan ṣoṣo ló ń bá a jà: àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ máa ń làágùn. Kì í ṣe irú èyí tí èmi àtìwọ ń làá o. Bí àyà rẹ̀ bá ti já díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á tutù rinrin bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹ̀wà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí àlùfáà bá ní ká fún ara wa ní àlàáfíà, tí gbogbo èèyàn ń bọ ara wọn lọ́wọ́, ṣe ló máa ń ki ọwọ́ bọ àpò, á máa fi orí kí àwọn àgbà. Àwọn kan sọ pé ìgbéraga ni. Ó máa ń dun èmi àti ìyá rẹ̀.

Níbi ìdíje ọdún tó kọjá, ọrun yí mọ́ ọn lọ́wọ́ bó ṣe fẹ́ ta á, ọfà sì wọ inú koríko lọ. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Nínú mọ́tò ló ti sọ fún mi pé òun á tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún yìí, bó bá tún yọ̀ lọ́wọ́ òun, òun ò ní ta ọfà mọ́. Kò pariwo, kò sunkún. O mọ àwọn ọmọ tí a bí síbí, bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ báyẹn, ó ti parí nìyẹn.

Ìgbà náà ni mo pinnu pé èmi fúnra mi ni màá gbẹ́ ọrun fún un, kó lè bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Igi rẹ̀ jáde dáadáa, mi ò purọ́. Ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú ló kù. Mo wé aṣọ mọ́ ọn, aṣọ mu òógùn yó, ó di àkísà. Mo wé awọ màlúù, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Níkẹ́ ní kí n kúkú fi súwẹ́tà mi wé e. Bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ náà ló wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ wá awọ ìrù bífà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí bífà jẹ́. Ẹranko ni, ó fi ara jọ òyà, àmọ́ ó tóbi ju òyà lọ dáadáa, etí omi ló sì ń gbé. Eyín ló fi ń gé igi lulẹ̀, á wá fi igi náà sé odò. Ìrù rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìgbákọ, kò nírun, ìpẹ́ ló bò ó. Tí wọ́n bá ti ṣe awọ rẹ̀ tán, ojú ìlà ìpẹ́ yẹn kì í parẹ́, òun ni kì í jẹ́ kó yọ̀ lọ́wọ́, ì báà tutù. Awọ ìrù kan tó ọrun kan gẹ́lẹ́. Mo rẹ ẹ́ sómi títí ó fi rọ̀, mo nà án yí igi náà ká, mo gé etí rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo sì fi okùn rán etí méjèèjì pọ̀ níwájú, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ kì í dé. Ọ̀rẹ́ mi, ojú rírán yẹn gún régé. Ká ní olùkọ́ wa ṣì wà láyé ni, ǹ bá ní kó wá jókòó lé e.

Màmá rí i lórí tábìlì. Wọ́n gbé e, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ìpẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá ní irú ọrun bàbá àwọn nìyí. O mọ̀ pé ògbójú ọdẹ ni bàbá tó bí Màmá, ní ìgbèríko Ọ̀yọ́, àmọ́ mi ò gbọ́ ọ rí pé awọ awọ́nríwọ́n, alángbá ńlá etí odò yẹn, ni bàbá náà fi wé ibi tó ti ń di ọrun mú. Màmá ló máa ń fi òrí pa awọ ọ̀hún nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kó má baà sán lásìkò ọyẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti wá. Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì tó ṣáájú ìdíje, èmi àti Níkẹ́ lọ sí ìdánrawò àwọn akọrin, Tijésùnimí sì wà lọ́dọ̀ Zoe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kettering. Màmá nìkan ló wà nílé pẹ̀lú ọrun. Wọ́n wo awọ náà, wọ́n rí i pé ara rẹ̀ gbẹ. Wọ́n bu òrí, wọ́n fi pa á dáadáa, wọ́n tún gbàdúrà sí i.

A ò mọ̀. Lọ́jọ́ kejì tí gbogbo wa pẹ̀lú Màmá lọ síbi ìdíje, orí pápá ni ọmọ ti gbé ọrun, ó fà á láti fi dánra wò, ó sì yí bìrí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tún fà á, ó tún yí. Kóòṣì wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Denise, ní òun ní ọrun mìíràn nínú mọ́tò. Ọmọ náà gbé ọrun mi sílẹ̀ sórí koríko, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó kọjú sí ibi tí a páàkì sí. Mo gbé ọrun náà, mo gbóòórùn òrí, mo sì bojú wẹ̀yìn.

Màmá ti dìde lórí àga wọn. Wọn ò jiyàn, wọn ò wá àwáwí kankan. Wọ́n ní àwọn ni o, pé bí àwọn ṣe ń ṣe ti bàbá àwọn nìyẹn. Wọ́n ṣí báàgì, wọ́n mú pọ́dà tí wọ́n máa ń fi sọ́rùn nítorí ooru, wọ́n dà á sórí awọ náà, wọ́n fi etí gèlè nù ún, wọ́n tún dà á, wọ́n tún nù ún. Pọ́dà ń fa òrí jáde láàárín ìpẹ́. Tijésùnimí dúró, ó ń wò wọ́n.

"Grandma, ẹ fi sílẹ̀," ló sọ. "It's not the òrí. Ọwọ́ mi ni kò dáa."

Màmá gbé ọrun fún mi. Wọ́n fa ọwọ́ ọmọ náà jáde nínú àpò, wọ́n tẹ́ ẹ sínú tiwọn.

"Ta ló ní kò dáa? Ọwọ́ bàbá mi nìyí. Bó ṣe máa ń tutù nìyí, ìdí tó fi wé awọ nìyẹn. Ọwọ́ yìí ló bọ́ gbogbo wa."

Gbogbo ọjọ́ ayé mi, Táyọ̀, mi ò gbọ́ ọ rí. Mo túmọ̀ ibi tí kò yé ọmọ náà fún un. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo Màmá, ó sì gba ọrun lọ́wọ́ mi.

Ọwọ́ rẹ̀ làágùn o, mo dúró níbi tí mo ti ń rí i tó ń kán. Ọrun ò yí. Pọ́dà ti dúró sójú ìlà ìpẹ́, awọ dúdú yẹn wá lẹ́wà ju bí mo ṣe ṣe é lọ. Ọfà rẹ̀ ń gbá àmì bí ẹni ń kan ìṣó. Ipò kejì ló ṣe. Ọrun tí wọ́n rà lọ́jà ni ọmọkùnrin tó ṣe ipò kìn-ín-ní gbé wá, nítorí náà lójú tèmi, àwa la gbégbá orókè. Mo sọ fún àwọn adájọ́ pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Mo sọ fún ẹni tó ń darí mọ́tò. Denise bẹ̀ mí pé kí n bá òun wé tòun náà, mo sì fa ara mi sẹ́yìn díẹ̀ kí n tó gbà, bí àwọn ọ̀gá ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ọwọ́ ìran mẹ́rin ló pàdé lórí igi kan.

Mo fi díẹ̀ nínú etí awọ tí mo gé kúrò sínú lẹ́tà yìí kí ìwọ náà lè fọwọ́ kàn án. Má ṣe fi òrí pa á. Bá mi kí Falilat, kí àwọn ọmọ, kí gbogbo ará ilé. Bí Màmá bá dé, lọ kí wọn, wọ́n á sọ ìtàn yìí fún ọ, wọ́n á sì fo apá ti òrí.

Ohun kan ló kù kí o tó ká lẹ́tà yìí. Ní ọjọ́ kejì ìdíje, àlùfáà ní ká fún ara wa ní àlàáfíà. Mo bojú wẹ̀gbẹ́, mi ò rí Tijésùnimí níjòókòó. Ó ti bọ́ sáàárín ìjọ, ó ń kúnlẹ̀, ó ń bọ àwọn àgbà lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ Màmá Ọmọ́jọlá, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, àwọn gan-an tí wọ́n máa ń sọ pé ọmọ wa gbéraga. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní, háà, ọwọ́ yìí mà tutù o. Ọmọ mi ò fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ dá wọn lóhùn:

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọwọ́ bàbá Grandma mi ni."

                                        Èmi ṣì ni Káfíńtà rẹ,
                                        Dàpọ̀.