Ta Ni Wọ́n Ń Kí Lọ́jà?

Ilé wa, Ìlàrè, Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Fọláránmi,

Mo kí yín, mo kí Ìyá Tìmílẹ́hìn àtàwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù ọ̀hún. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Látìgbà tí Màámi ti kú, èmi nìkan ni mò ń gbé inú ilé. Owó àtúnṣe mọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sọ́jà báyìí. Ẹ rántí báàgì ńlá tí èmi àti Màámi jọ máa ń gbé, tí wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ kan mú lápá òsì mi? Òun náà ni mò ń gbé lọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé oníṣu, tó tó bí mi lọ́mọ, ti ń kí mi ní "Ẹ káàárọ̀." Mo ní, "Ìyá, èmi lẹ ń kí ní 'ẹ káàárọ̀'?"

Wọ́n wo apá òsì mi. "Àníkẹ́, ṣé ìwọ nìkan lo wá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé iṣu àti gààrì dé Ẹnuwá, báàgì ò wúwo. Ọwọ́ rẹ̀ kejì dúró gbọn-in. Mi ò bojú wo ibẹ̀.

Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n fi owó yẹn ra oògùn orúnkún. Tí mo bá wọ mọ́tò, ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan á máa dá rìn bọ̀ lẹ́yìn.

Ọlọ́run á mú yín wálé láyọ̀.

Àwa là ń kí yín,
Àníkẹ́.