Kọ́mú Tí Mo Fi Ipò Àgbà Rà

Motúnráyọ̀ ọmọ mi,

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá wa láyọ̀ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa mọ́ bá ọ ní Ìsìkàn, Àkúrẹ́. Ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì kò ní rí ọ bínú. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń san, adìẹ rẹ ti pamọ, àṣá ni kò jẹ́ kí n lè sọ iye tí ó kù. Mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí nítorí ọ̀rọ̀ kọ́mú kò ṣe é bẹ akọ̀wé sí, n kò sì pè ọ́ nítorí èmi àti fóònù kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

O rántí pé ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni wọn yóò fi mí jẹ Ìyá Ìjọ. Aṣọ funfun ni n ó wọ̀, n ó sì kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Kọ́mú kan ṣoṣo tí mo ní, pínnì ló dì í mú. Níbi ìdúpẹ́ ìkórè, pínnì náà ṣí nígbà tí mo ń jó lọ síbi igbá ọrẹ, ó gún mi, mo pariwo, gbogbo ìjọ sì dáhùn pé Halelúyà. Agnes tí a jọ ń du oyè náà nìkan ni kò dáhùn, àyà mi ló ń wò. Mo bẹ̀ ọ́ kí o bá mi ra òmíràn ní Ọjà Ọba, o ní àyè kò sí, pé orí fóònù ni ayé ti ń ra kọ́mú báyìí, o sì fi owó ránṣẹ́.

Mo pe Ìbídùnní, ọmọ aládùúgbò wa tó ń kàwé ní Àkúrẹ́, kí ó bá mi tẹ fóònù. Ó ní fóònù ń béèrè ìwọ̀n àyà mi, kí n bọ́ bùbá. Mo ní èèwọ̀, fóònù tó ní ojú níwájú tó tún ní ojú lẹ́yìn! Mo fi gèlè bò ó lójú, síbẹ̀ ara mi kò balẹ̀, ni ó bá wọ̀n mí lórí bùbá àti súwẹ́tà tí mo fi ń bo pínnì. Ó ní mẹ́rìnlélógójì. Mo ti fẹ́ gbà, àfi bí ó ṣe ní mẹ́rìnlélógójì náà ni òun bá ìyá Fọlákẹ́ rà. Ìyá Fọlákẹ́, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ! Mo ti bímọ méjì nínú agboolé yìí kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ṣé èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni yóò wá jọ wà lórí nọ́ńbà kan? Mo ní kí Ìbídùnní tẹ àádọ́ta. Ó ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, mo ní ṣé wọn kò kọ́ ọ ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò níbi tó ti ń kàwé ni.

Ọlọ́kadà tó gbé e wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ké pé ta ló ni kọ́mú. Díákónì Adébùsóyè ló júwe ilé wa fún un. Nígbà tí a tú u, bàbá rẹ béèrè bóyá igẹ̀rẹ̀ ni, pé ẹja tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò sí nínú odò wa mọ́. Mo wọ̀ ọ́. Rárá o, òun ló wọ̀ mí. Mo yí sọ́tùn-ún, òun dúró síbi tó wà. Àwọn tó tà á ní àwọn kì í gba aṣọ abẹ́ padà. Ìyá Fọlákẹ́ gbọ́, ó wá kúnlẹ̀, ó ní òun yóò yá mi ní tòun. Ìkúnlẹ̀ yẹn ló dùn mí jù.

Ọmọ mi, ọ̀nà ti dí mọ́ mi. Bí pínnì bá tún ṣí lórí ìkúnlẹ̀, Agnes ni yóò sáré wá gbé mi dìde, òun náà ni yóò sì di Ìyá Ìjọ. Fóònù bi mí ní ìwọ̀n ọmú mi, n kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo máa ń mu ọ̀kan, tí wàá fi ọwọ́ di èkejì mú kí ẹnikẹ́ni má bàa gbà á. Bí o bá ti gbàgbé, wá wò ó. Mú téèpù dání, mú owó ọkọ̀ tí wàá fi padà, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún mi, nítorí tèmi ti bá àádọ́ta lọ.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọmọ tìrẹ. Kò ní fi owó ránṣẹ́ sí ọ ní ọjọ́ tí ojú rẹ̀ gan-an lò ń retí. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn,
Olúbùkọ́lá