Ojú Tí O Lẹ̀ Mọ́ Ilẹ̀kùn Iwájú

Marlow Creek, Iowa
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹwàá

Marcia ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo tún kí ọkọ̀ ojú irin tí ń gbé ọ kiri Chicago láràárọ̀. Ṣé ara le? Ṣé orí fífọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù tó ń bọ̀ yìí rí ọ gbé ṣe, kí o máa rí ojú rere ọ̀gá rẹ, kí ẹni tó ń gbé lókè orí rẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn jẹ́jẹ́. Àmín. Ara tèmi le, orúnkún òsì nìkan ló ń ráhùn, o sì mọ̀ pé ìyẹn ti ń ráhùn kí a tó bí ọ. Inú ìwé ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí nítorí pé lórí fóònù, bí mo bá ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ọkọ̀ rẹ máa ń wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ.

Wọ́n ti ń kórè àgbàdo, eruku rẹ̀ ti bo gbogbo fèrèsé mi. Àwọn ọmọ ilé ìwé wa tún fìdí rẹmi nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì ti sọ ọ́ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ pé ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù náà kò jẹun tó, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ tèmi.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi mú bírò ni èyí. O sọ fún mi lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé ojú kékeré tó ń yàwòrán ránṣẹ́ sí fóònù rẹ, tí o lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn iwájú mi ní oṣù Kẹjọ ti jẹ́rìí fún ọ pé láti ìgbà náà kò sí ẹni tó wá kí mi, àfi Rhonda tó ń pín lẹ́tà àti ajá kan. O ní ọkàn rẹ kò balẹ̀ mọ́, pé kò yẹ kí ìyá rẹ máa dá gbé bí ẹni tí ìlú ti gbàgbé, pé o ti gba yàrá fún mi ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, àti pé ìwọ àti ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ ní Sátidé kejì oṣù Kọkànlá, kí n ṣáà ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Marcia, ojú yẹn kò purọ́ mọ́ mi, ohun tó rí ló sọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń gba iwájú wọlé ní Marlow Creek? Àwọn tó ń ta òrùlé ni, àti àwọn tó ń wá ìbò. Ardis tó múlé gbè mí ń gba ilé ìdáná wọlé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kì í kànkùn, yóò ti máa bu kọfí mi kó tó béèrè bóyá mo ti jí. Delbert tó bá bàbá rẹ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó àgbàdo pamọ́ sí ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti wo ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ẹ̀rọ náà kò ṣàìsàn láti ọdún mẹ́rin, páì tí mo ń yan ló ń wá wò. Pásítọ̀ Lindgren pàápàá, ẹ̀yìn ló ń gbà, ó sì máa ń bọ́ bàtà.

Mo jáde lọ bá ojú náà, mo sì ṣàlàyé fún un. Mo ní kó yí ọrùn díẹ̀ sápá òsì kó lè máa rí ẹ̀gbẹ́ ilé, kò yí i. Ṣé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, àbí ìwọ lo pàṣẹ fún un? Ṣé ó máa ń sùn? O ní bátìrì ló ń jẹ, mo wá ẹnu rẹ̀ títí, mi ò rí i.

Nígbà tí mo sọ fún Ardis, ó ní kí n má dààmú, bí ojú kò bá lè wá sí ẹ̀yìn, àwa la ó lọ bá a níwájú. Ó kéde rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí láàárọ̀, ó kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Sátidé tó kọjá, aago mẹ́wàá, ènìyàn mẹ́tàlélógún ló tò sórí koríko iwájú ilé mi láti fojú han ọ. Delbert ṣí fìlà, ó sọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì búra fún ọ pé ẹ̀rọ wà dáadáa. Ardis gbé páì ápù sún mọ́ ojú náà kí o lè gbọ́ òórùn rẹ̀, bí òórùn bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Pásítọ̀ gbàdúrà fún ọ, àdúrà náà gùn. Rhonda kó lẹ́tà dé, ó ní òun kò ní tò ní tòun, ojú náà ti mọ òun.

Ìgbà tí a ṣe gbogbo rẹ̀ tán ni Delbert fi ọwọ́ kan ojú náà lára ògiri, ó yíjú sí mi jẹ́jẹ́. "Ìyá Marcia," ó ní, "fìlà ni gbogbo wa ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀."

Òótọ́ ni. Ìrì ti dì fún ìgbà àkọ́kọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì hun fìlà búlúù kékeré fún ojú náà nítorí pé ìta ló ń sùn. Mo gbàgbé láti ṣí i. A rẹ́rìn-ín títí Ardis fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. À bá tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé páì. Nítorí náà, bí o bá rí òkùnkùn ní Sátidé, tí o sì gbọ́ tí òkùnkùn náà ń gbàdúrà, àwa ni.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ó wà nínú àpòòwé yìí. Ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe mí, ìlà kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, ṣé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àwọn ará Chicago ní? Mo kọ orúkọ rẹ, mo wá ro ti wákàtí márùn-ún tó wà láàárín wa, mo sì kọ ti Ardis tẹ̀ lé e. Má bínú pé mi ò sọ fún ọ, mo ṣubú nílé ìwẹ̀ ní oṣù Kejì. Ardis rí i pé iná ilé ìdáná mi kò tàn ní aago mẹ́fà, ó sì ti gbé mi dìde kí omi tó wà lórí ilẹ̀ tó tutù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ orúkọ lọ, mo yí ìwé padà, ẹ̀yìn náà kún. Ibi tí ó yẹ kí n fọwọ́ sí ni mo fi kọ orúkọ Pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, àyè ló tán.

Mo wo àwòrán ilé àwọn àgbà náà dáadáa. Ilẹ̀kùn onígíláàsì kan ni mo rí, tí o ní ó ń ṣí ara rẹ̀ fún ènìyàn. Báwo ló ṣe ń mọ ẹni tó yẹ kó ṣí fún? Ṣé wọ́n ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn? Bí mo bá jókòó sí yàrá mi, ibo ni ẹni tó fẹ́ yà kí mi yóò gbà tí kò ní kọ́kọ́ kọ orúkọ sínú ìwé?

O ní iwájú ni àwọn akẹ́rù máa gbà, nítorí àga gígùn kò lè gba ilé ìdáná. Bàbá rẹ ló gba ilẹ̀kùn yẹn jáde kẹ́yìn, Marcia. Ọkùnrin méjì láti ilé ìsìnkú ló gbé e, nítorí pé àtẹ̀gùn ẹ̀yìn há jù fún wọn. Èmi náà yóò gba ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, mi ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀.

Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi ogún dọ́là ránṣẹ́, Delbert yóò fi ra ìṣó gígùn àti pákó, yóò ṣí ojú náà kúrò níwájú, yóò kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Kí o pa ohùn fóònù rẹ o, torí kò ní jẹ́ kí o sinmi. Èyí tó bá ṣẹ́kù, n ó fi ra òwú.

Nǹkan kan wà nínú mi láti oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ tí o gbé ojú náà wá, aago iwájú lo tẹ̀. Mo bọ́ aṣọ ìdáná, mo to irun, mo sì juwọ́ sí ọ láti ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé pé mi ò ra nǹkan kan, kí n tó rí i pé ọmọ mi ni. Mo fi rẹ́rìn-ín níṣojú rẹ. Ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní gbogbo ibi tí o bá ń gbà lọ, kó sì máa rántí ọ̀nà ilé fún ọ. Wá ní Sátidé tí o dá yẹn, fi ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ ní Chicago. Gba ẹ̀yìn wọlé. Má kànkùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Lorene