Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Mẹ́fà Nínú Àpótí Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ti ń rí oorun sùn látìgbà tí ẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́? Àwa níbí ń mí, a kàn ń mí náà ni. Ẹ má wo ìkọ̀wé mi o, ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi àti ilé-ìwé kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Bàbá ò wọ yàrá tí wọ́n ti ń bá àwọn èèyàn tọ́jú èso mọ́. Látọjọ́ tí a ti sin Màmá ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ti wà lórí ìṣó. Lánàá, ọkùnrin tó máa ń kó ìbẹ́pẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo "Bàbá Kìírà! Bàbá Kìírà o!" bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè wọ́n, torí èso kì í rà lọ́wọ́ wọn. Bàbá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti rà." Wọ́n sì pa fèrèsé dé. Ó dùn mí wọ egungun.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ pè láti ọsibítù, tí ẹ ní Màmá ò jẹun, pé máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa nìkan ló ń wù wọ́n. Bàbá gun igi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Méjìlá péré ló kù lórí rẹ̀, ó ti gbó, kò tíì pọ́n. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí wọ́n tó rí ọkọ̀ wá bá yín. Wọ́n fi igi kúkúrú tó so ó mọ́ ẹ̀ka sílẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ kí oje ro dànù, kó má jó èèpo. Wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e níkọ̀ọ̀kan bí ọmọ tuntun, wọ́n tò ó sínú àpótí pákó níbi tó tutù jù nínú yàrá èso. Wọ́n wá nàka sí mi: "Ìwọ Alájẹkì, ohun tó bá ti pọ́n ò gbọdọ̀ wọnú yàrá yìí. Èémí ẹ̀ ló máa mú kí àwọn yòókù pọ́n." Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ ojúlé kejì fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà tó ti pọ́n dáadáa. Mi ò fẹ́ fún àwọn àbúrò wa. Mo ro ibi tí wọn ò ní dé láéláé. Inú àpótí máńgòrò Màmá ni. Mo tì í sábẹ́ ìwé ìròyìn, mo sì ń yọ ọ̀kan jẹ lójoojúmọ́. Mo ju èèpo sẹ́yìn ọgbà.

Láàárọ̀ ìrìn-àjò, Bàbá ṣí àpótí. Omi ti rin gbogbo ìwé ìròyìn, máńgòrò ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ó ti dúdú lára. Wọ́n tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan dé orí ìkejìlá. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ti bàjẹ́." Wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ọwọ́ Bàbá ni Màmá kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ojú wọn, pé Màmá ní, "Kò burú." Lọ́jọ́ kẹta, Màmá lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ Bàbá ò bàjẹ́. Èmi ni. Àwọn ènìyàn ń sọ pé mi ò sunkún níbi ìsìnkú, pé ọkàn mi le. Ẹ̀rù ni. Mo rò pé tí mo bá lanu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Bàbá. Tàbí kí ẹ má sọ. Mi ò mọ̀.

Ọlọ́run á tù yín nínú, á fi yín sílẹ̀ fún wa. Ẹ ò ní tún sunkún báyìí mọ́.

Èmi ni àbúrò yín tó ṣẹ̀ yín,
Alájẹkì.

Àfikún: Mi ò lè dúró de èsì yín. Lọ́sàn-án yìí mo ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tiẹ̀ dùn?" Mo ní ó dùn. Wọ́n fọwọ́ bojú, èjìká wọn ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Èmi náà dorí kodò, mo sunkún tèmi. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Kọ́kọ́rọ́ yàrá èso ò sì sí lórí ìṣó mọ́.